Ẹ̀wà Tí Bushrah Ń Gbìn Tí Kì Í Jẹ

Ìrì ṣì ń sẹ̀ lóko Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀wà tó kọ́kọ́ gbó ti gbẹ, èyí tó kù ṣì ń tanná, oyin sì ń kùn láàárín wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Bushrah, olóyún oṣù mẹ́fà, ń já èyí tó gbẹ sínú agbọ̀n. Àfi bí ilẹ̀ ṣe rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òwú. Ó ń gbọ́ oyin lókèèrè. Ó ń gbọ́ ohùn Múrítàlá ọkọ rẹ̀, bí ìgbà tó ń bọ̀ láti inú àlá:

"Ìyá Haneefah! Kí ló dé?"

Ó ti ṣubú.

Ọ̀kadà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Olúwafèyíkẹ́mi wo ojú rẹ̀, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, mà. Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Ẹ̀kọ láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án. Ẹ̀kọ náà la tún fi sùn."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

Bushrah rẹ́rìn-ín. "Ti títà nìyẹn. Ọjà Takie là ń kó o lọ."

Múrítàlá ní, "Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nílé, mo fẹ́ da oògùn kòkòrò sí i lónìí, kó má baà bà jẹ́."

"Háà, bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Oògùn yẹn lè pa ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà náà. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, kẹ́ ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ á kú síbẹ̀. Kí ìyá sì máa jẹ nínú rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè tó."

Bushrah ní, "Ẹ̀wà lásán-làsàn wá lè fúnni lẹ́jẹ̀?"

"Ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ó sì ń mú ọmọ dàgbà. Ẹ máa fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ mu ọsàn lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo fún yín sílẹ̀ o."

Múrítàlá mí kanlẹ̀. "Ilẹ̀ wa pàápàá ti ṣá. Mo ti ní kí n fa gbogbo ìtàkùn ẹ̀wà ibẹ̀ tu tá a bá kórè tán, kí n finá sí i."

"Ẹ má sun ún! Ẹ gé e lókè, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ jẹrà. Ẹ̀wà ń bọ́ ilẹ̀ bó ṣe ń bọ́ èèyàn. Tójò bá dé, ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, òórùn ẹ̀wà gba ilé kan. Bushrah ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo oòrùn tó ń wọ̀. Ó ń ṣe é bíi pé ọmọ inú rẹ̀ náà ń tọ́ ọ wò.

Ó bí tibi tire. Nígbà tí òjò tún dé, wọ́n gbin àgbàdo. Nígbà tó ti ga, wọ́n jọ lọ sóko. Níbi tí ẹ̀wà wà tẹ́lẹ̀, àgbàdo dúdú minimini, ó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Múrítàlá gba ọmọ náà lọ́wọ́ Bushrah, ó gbé e sókè kó lè rí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbin ẹ̀wà, ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀, ẹ má sì fi májèlé pa á mọ́. Ẹ tà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tà á tán. Ẹni tó ń bọ́ ọjà, kó kọ́kọ́ bọ́ ilé.