Àgádágodo Tó Kù Lórí Fááfù

"Ẹ pa iná yẹn! Ẹ pa á kíá!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ràdíátù bá Dáhùnsí sọ nìyẹn. Kò kí i. Ẹ̀rọ kékeré tó fi ń yẹ gáàsì wò ló ń han gooro lọ́wọ́ rẹ̀.

Dáhùnsí jórinjórin pa iná. Ó wo ọmọge tó dúró gbọn-in níwájú rẹ̀, tó dé akoto lé híjáàbù.

"Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ kí èèyàn."

"Ṣé kí n dúró máa kí yín, nígbà tí ẹ fẹ́ sọ gbogbo wa di èédú?"

Ẹ̀rín pa Dáhùnsí. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti ń wá a kiri.

Ọgbà gáàsì kan nítòsí Kirikiri ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gé àwọn ògbólógbòó táńkì kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà náà kò dáwọ́ dúró, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń wá gbé gáàsì. Fááfù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń dí gáàsì ló wà láàárín páìpù tí wọn ò lò mọ́ àti páìpù tí gáàsì ṣì ń gbà kọjá. Tí wọ́n bá ti tì í, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ á so àgádágodo tirẹ̀ mọ́ ọn, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ṣì kù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fááfù, torí ẹnì kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìfẹ́ wọn kò pẹ́ kó tó gbilẹ̀. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni wọ́n jọ ń jẹ lọ́sàn-án, lórí páìpù tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Dáhùnsí fi kọ́kọ́rọ́ kejì àgádágodo rẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Òfin ò gba èyí," Ràdíátù sọ.

"Òfin ò mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Mi ò tíì lágbára òrùka. Gba èyí ná, adúmáradán mi."

Ó yẹ kó dá a padà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn jù. Ó fi í sínú pọ́ọ̀sì.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Mọ́rúfù, tó fi ọgbọ̀n ọdún ru ẹrù ní èbúté Àpápá, kò gbà.

"Kì í ṣe pé o jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dùn mí," ó sọ fún Dáhùnsí nínú pálọ̀ wọn l'Ájégúnlẹ̀. "Iṣẹ́ ẹ ni. Mo ti gbé òkú ọ̀rẹ́ mi méjì jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi di opó."

"Bàbá, táńkì tó kẹ́yìn la wà yìí. Tí mo bá ti parí ẹ̀, géètì ni màá máa jó ní bọ́sítọ́ọ̀pù Coconut."

"Tó bá parí, kó àwọn èèyàn ẹ wá."

Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku ojú kan péré tí wọn yóò gé.

"Mo fẹ́ tètè lọ gé irun," Dáhùnsí sọ nígbà tí wọ́n jẹun tán.

"Sọ fún onígbàjámọ̀ kó má gé e bíi ti jàgídíjàgan o. Bàbá mi á lé ẹ!"

Ní aago méjì, Godstime ọ̀gá wọn sáré dé. Àwọn ọkọ̀ tó ń dúró de gáàsì ti tò dé títì. Àwọn yòókù ti ṣí àgádágodo wọn. Ó ku ẹyọ kan.

"Rádí, Dáhùnsí don go?"

"Ó ti lọ gé irun, ọ̀gá."

"You sure?"

Ràdíátù pe fóònù Dáhùnsí, kò wọlé. Ó yẹ kí wọ́n wá a títí wọn yóò fi fojú rí i. Ṣùgbọ́n Godstime ń jágbe, àwọn awakọ̀ ń bú wọn. Ta ló sì mọ Dáhùnsí ju òun lọ? Ràdíátù mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ṣí àgádágodo náà, Godstime sì ṣí fááfù.

Dáhùnsí kò tíì lọ. Ó ti yà sẹ́yìn táńkì láti gé ojú kan tó kù, kó lè sọ fún Bàbá Mọ́rúfù lọ́la pé iṣẹ́ náà ti parí. Ràdíátù ti yẹ ibẹ̀ wò láàárọ̀, kò sí gáàsì níbẹ̀. Dáhùnsí sì ti rí i pé àgádágodo òun wà lórí fááfù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣáná.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù. Báńdéèjì bo ojú rẹ̀.

"Dáhùnsí, èmi ni mo ṣí i."

"Mo mọ̀." Ó mí díẹ̀díẹ̀. "Má sọ fún Màámi. Jọ̀ọ́, ìfẹ́ mi. Jẹ́ kí wọ́n sọ pé àìgbọràn mi ni."

Kó tó di àkókò ìrun Alaásárì, ó ti kú.

Ohun tí iléeṣẹ́ sọ náà nìyẹn: ó ṣàìgbọràn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Dáhùnsí jókòó lórí ẹní láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn.

"Ọmọ mi ò lórí kunkun. Kò lè ṣáná láìwo àgádágodo ẹ̀. Ta ló ṣí i?"

Bàbá Mọ́rúfù di ọwọ́ Ràdíátù mú pinpin. "Má sọ nǹkan kan," ó sọ ọ́ sí i létí.

Ràdíátù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, èmi ni."

Ìyá náà wò ó títí.

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, Mà."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní kí n má sọ fún yín."

Orí ìyá náà tẹ̀ wálẹ̀. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó sọ. "Láti kékeré ló ti ń ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi." Ó fi etí ìró nu ojú. "Dìde, ọmọ. Máa lọ sílé. Mi ò lè wojú ẹ."

Ràdíátù dìde, ó jáde sínú oòrùn. Bàbá rẹ̀ ló bá a kó bàtà rẹ̀ dání lẹ́yìn, nítorí kò rántí wọ̀ ọ́.