Okùn Kẹrin Ń Kùn

Òjò ti rin ọmọbìnrin kan gbindingbindin kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù atúngìtáṣe, ṣùgbọ́n gìtá tó fi aṣọ wé mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́ kò tutù rárá. Ọmọkùnrin atúngìtáṣe náà gbójú sókè, ayùn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá bàbá mi ni. Okùn kẹrin ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Dókítà ní bàbá ò ní lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ kó dún gaara kí wọ́n tó lọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá di ọ̀la, á dún bí ohùn yín."

"Ohùn mi kẹ̀? Ẹ ò tíì gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń jà nìyẹn."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọwọ́ òun yá lójú ọmọbìnrin náà. Ó tẹ okùn náà, ó rí i pé ó ń gbá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejì tó dábùú ọrùn gìtá. Láìwo bí ọrùn fúnra rẹ̀ ṣe rí, ó fi ayùn rẹ́ orí irin náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí ọmọbìnrin náà gbé gìtá lọ sílé, ó padà dé, ojú rẹ̀ le koko. "Ó tún wá burú sí i. Bàbá kàn kọjú sí ògiri ni."

Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin náà tó béèrè ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè: ibo ni wọ́n ń gbé gìtá yìí sí nílé? Ó bá ọmọbìnrin náà lọ sílé. Yàrá náà ń rùn fún oògùn. Òkè ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n ń tàn nítorí òtútù bàbá gan-an ni wọ́n gbé gìtá kọ́ sí. Ó fi rúlà irin lé ọrùn rẹ̀: ooru ti mú kí igi náà gbẹ, àárín rẹ̀ sì ti yọ bí ẹ̀yìn abuké.

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn bàbá. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọrùn ló tẹ̀. Irin tí ò ṣẹ̀ ni mo rẹ́."

Bàbá wúkọ́ títí. "O kú iṣẹ́. Bàtà ló fún, ẹsẹ̀ lo gé. Mo sì rí bó o ṣe ń wo ọmọ mi. Ẹni tó ń gé kó tó béèrè, mi ò lè fọmọ fún un."

"Bàbá!" ni ọmọbìnrin náà ké.

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán kan ò kọjá kí ọmọkùnrin náà má wá. Ó gbé gìtá kúrò nídìí ooru, ó fi irin tuntun rọ́pò èyí tó bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ń yí ọ̀pá irin inú ọrùn náà, èyí tó ń mú un tọ́, ní ìwọ̀nba lójoojúmọ́, nítorí igi kì í gba ìkánjú. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ní Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀. Bí ọrùn gìtá ṣe ń tọ́, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń joro.

Lọ́jọ́ keje, bàbá ní, "Yí i tán lónìí. Kò sí àkókò fún mi mọ́."

"Bàbá, tí mo bá yí i tán lónìí, igi á là."

"Mo lè kú kó tó tán."

Ọmọkùnrin náà gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá na ìka sí i. "Níjọ́sí, o fẹ́ múnú wa dùn, o sì ba gìtá mi jẹ́. Lónìí, òótọ́ lo sọ fún mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tó bá wù ọ́, mi ò dí yín lọ́nà mọ́."

Bàbá kú lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ní kùtùkùtù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù láti yí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, atúngìtáṣe yí i. Ọmọbìnrin náà tẹ okùn kẹrin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò kùn níbì kankan.

"Wọn ò gbọ́ ọ," ó ní, omijé bò ó lójú.

Ọmọkùnrin náà ò wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. "Wọn ò gbọ́ ọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ń bọ̀ lọ́la?"

"Iṣẹ́ ti parí."

"Ṣé iṣẹ́ ni mo bi ọ́?"

Ó gbé àpò irinṣẹ́ náà sílẹ̀, ó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó ṣófo. "Mò ń bọ̀. Tó o bá sì gbà láti fẹ́ mi, mi ò ní máa padà lọ sílé mọ́."

Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo gbà."