Ọmọ Tí Wọ́n Kọ́ Ní Yíyínmú

Òórùn ló kọ́kọ́ wọ yàrá ìránṣọ náà kí Ọ̀gá Kékeré tó rìn tagétagé wọlé tẹ̀lé e. Ìlédìí rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé itan, omi aláwọ̀ ewé kan sì ń tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rín kún ẹnu ọmọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí àbúrò ìyá rẹ̀ wá gbé òun.

Ayínmú kò gbé e. Ó fi ìka méjì fún imú pa, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó sì yínmú.

Òbí rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Ayínmú. Àwọn ará ilé ló ń fi bẹ́ẹ̀ pè é láti kékeré, nítorí kò sí ohun tí kò lè yínmú sí: ife tí ẹlòmíì ti fẹnu kàn, ìrọ̀rí tí ẹlòmíì ti sùn lé, omi ìwẹ̀ tí fọ́nrán irun kan ṣoṣo já bọ́ sí. Tí ó bá fẹ́ ṣe é, imú á ká sókè, ètè òkè á sún kúrò lórí eyín, ojú á kéré, ahọ́n á sì yọ síta díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ojú yẹn lè lé àgbàlagbà kúrò nídìí oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọ̀ òun. Ó gba iṣẹ́ aṣọ iléèwé kan, aṣọ náà gbọ́dọ̀ parí kí àwọn ọmọ tó wọlé, ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà kì í sì í gbélé. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni ẹni tí yóò máa mójú tó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ọmọ ọdún kan àbọ̀, kí òun lè ráyè jókòó ti ẹ̀rọ. Ayínmú gbà. Kò mọ ohun tó ń gbà.

Háà, ọmọ yẹn lẹ́gbin. Bí kò bá tọ̀ sára, á yàgbẹ́; bí kò bá yàgbẹ́, á pọ mílíìkì tó ti kan sí èèyàn léjìká. Ikun á ṣàn wọ ẹnu rẹ̀, á fahọ́n lá a, á sì tún rẹ́rìn-ín síni. Èyí tó burú jù ni ti bísíkíìtì. Á jẹ ẹ́ títí á fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀, á yọ ọ́ lẹ́nu tòun ti itọ́, á nà án sí Ayínmú kó wá gé e jẹ. Tí Ayínmú bá kọ̀, á fi tì í lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ó kàn án létè, ọmọbìnrin náà sì sáré lọ bì sí gọ́tà.

Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń nu, ó ń fọ̀, ó ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sígbà tó nu ìdí ọmọ náà tí kò yínmú, tí kò sọ pé ọmọ yìí mà ń rùn o, ṣíọ̀. Ọmọ á dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, á gbẹ́sẹ̀ sókè, á máa wò ó. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kò sí ohun mìíràn tó lè wò ju ojú yẹn lọ.

Bó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn tí òun náà yínmú padà. Imú kékeré náà ká sókè, ètè sún, ahọ́n yọ, gbogbo rẹ̀ pé láìku ẹyọ kan. Ayínmú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó mú fóònù, ó tún yínmú sí ọmọ, ọmọ tún dá a padà, ó yà á ní fídíò, ó sì fi ránṣẹ́ sí ojú òpó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú òpó yẹn. Kí fídíò náà tó dé, Ayínmú lè kọ̀rọ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ kí ó má rí ẹni dá a lóhùn dalẹ́. Lọ́jọ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ariwo, ẹni tí gbogbo kíláàsì ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, kí Ayínmú tètè fi òmíràn ránṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun.

Àfi bó ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́. Á gbé bàtà síwájú ọmọ, á yínmú, ọmọ á yínmú. Ó kan ìbọ̀sẹ̀, ó kan àwo oúnjẹ. Nígbà tí ìyẹn sú Ọ̀gá Ariwo, ó kan èèyàn. Tí ọmọ bá ṣe é dáadáa, Ayínmú á pàtẹ́wọ́, á gbé e sókè, á fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Tí kò bá ṣe é, kò ní gbé e. Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀gàn ni. Ó rò pé ohun tó máa ń dùn mọ́ èèyàn nínú ni.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń bá télọ̀ lọ aṣọ ní igun yàrá náà. Òun ló máa ń gbé Ọ̀gá Kékeré sọ́rùn tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Ó na ọwọ́ sí ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ wo Ayínmú, Ayínmú ṣe àmì sí i, ọmọ sì yínmú sí bàbá lójú kòrókòró. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbé apá sókè, ó gbóòórùn abíyá ara rẹ̀, ó fi aṣọ nu òógùn ọrùn, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Kò na ọwọ́ sí ọmọ náà mọ́. Ayínmú rí gbogbo rẹ̀, ó sì fi fídíò náà ránṣẹ́. Ìwà ìríra gbáà.

Láìpẹ́, ọmọ kì í sáré wá mọ́ tí ó bá ti yàgbẹ́. Ẹ̀yìn òkìtì aṣọ iléèwé ló ń lọ. Á kọjú sí ògiri, á dúró síbẹ̀ láìfọhùn, ìgbẹ́ á sì gbẹ mọ́ ọn lára, títí ìdí rẹ̀ fi bó, tó pupa, tó ń ṣe omi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tú ìlédìí tó rí i, ó bomi wẹ̀ ẹ́. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń na ọmọ òun. Ayínmú ní rárá, òtítọ́ ló sì sọ, kò sẹ́ni tó nà án. Télọ̀ ra oògùn sí i, ó ní kí ó máa yẹ ìdí ọmọ wò lóòrèkóòrè.

Ọ̀gá Ariwo ló mú ọ̀rọ̀ dígí wá. Dígí gíga kan wà níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Ọ̀gá Kékeré gbà pé ọmọ mìíràn ló ń gbénú rẹ̀. Á fẹnu kò ó, á lọ wo ẹ̀yìn dígí bóyá á bá a níbẹ̀. Ayínmú ti sọ ìyẹn lójú òpó. Ọ̀gá Ariwo ní kí Ayínmú jẹ́ kí ó yínmú sí ọmọ náà, ó ní ẹ̀rín máa pa àwọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ayínmú fà á jáde lẹ́yìn òkìtì aṣọ tòun ti ìdí tó ń rùn. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú dígí, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé fóònù sókè. Ọmọ ti fi ṣọ́ọ̀kì búlúù tí ìyá rẹ̀ fi ń sàmì sáṣọ ṣeré láàárọ̀, díẹ̀ ti kun imú rẹ̀ láìmọ̀.

Ọmọ rẹ́rìn-ín sí ọmọ inú dígí. Ó na ìka láti kan imú búlúù náà, ìka sì dúró lójú ọ̀nà. Ó wò ó, ó wò ó, ó wá mú ìka padà sí imú ara rẹ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀kì tó wà lórí ìka náà. Ó mi orí, ọmọ inú dígí mi orí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ìyẹn náà gbé e.

"Ọ̀gá," ó wí jẹ́jẹ́, ó sì fi ọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀.

Ó ti mọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ náà mọ ara rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ tó yẹ kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọmọ wo ìlédìí tó sọ̀ nínú dígí, ó wo èyí tó wà nídìí rẹ̀, ó gbójú sókè wo ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yínmú sí i. Kò yíjú wá wò bóyá wọ́n á gbé òun. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ikùn rẹ̀, ó ń nu ún, bí ẹni tó fẹ́ kí nǹkan kúrò lára òun. Ó wá padà sẹ́yìn òkìtì aṣọ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́, ìyá ọmọ ti ń wò wọ́n láti ìdí rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?" ni télọ̀ béèrè.

"Èmi ni, Àǹtí."

"O mọ ohun tó o ṣe?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọmọ tí kò tíì mọ ara rẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun dára tàbí òun ò dára. Ojú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló máa fi mọ̀. Ìwọ lo sọ fún ọmọ mi pé ohun ìríra ni òun, ó sì gbà ọ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń sá pa mọ́."

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ Ayínmú, Ọ̀gá Ariwo ń béèrè fídíò. Ó ṣí i wò. Ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀: lókè orí ọmọ, nínú dígí, ojú ọmọbìnrin kan, imú ká sókè, ètè sún, ahọ́n yọ. Ọmọ kò tíì ṣe nǹkan kan, ojú náà ti wà bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ ọmọ kò rí i lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó pa fídíò náà rẹ́. Ó kọ ọ́ sójú òpó pé kò sí òmíràn mọ́. Ọ̀gá Ariwo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín nítorí pé Ọ̀gá Ariwo rẹ́rìn-ín. Ayínmú yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín wọn.

Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì aṣọ. Òórùn náà lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó mú ojú rẹ̀ dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Wá, Ọ̀gá mi." Ọmọ yíjú sí i, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ìlédìí ara rẹ̀, ó yínmú sí i dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó rò pé ohun tí òun gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbé òun nìyẹn.

Ayínmú gbé e bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ kun aṣọ rẹ̀, ẹkún ló sì ń sun.

Ó lọ bẹ bàbá tó ń lọ aṣọ, bàbá sì dárí jì í, àgbàlagbà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní eré burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ojú wa ni ọmọdé ń wò láti mọ irú ẹni tí òun jẹ́, èyí tó bá sì rí níbẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́ bíi fídíò. Ní gbogbo ìyókù ìsinmi náà, ẹ̀rín àti orin ni Ayínmú fi ń pààrọ̀ ìlédìí, kò yínmú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé, ọmọ tún yàgbẹ́. Wọ́n ti kó aṣọ iléèwé lọ, kò sí òkìtì kankan nílẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wá rọra lọ dúró sí.