Ọ̀nà Kẹtàlá

Orin ni obìnrin kan ń kọ bọ̀ láti orí òkè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ti kẹ̀kẹ́; ó ti fi ìborùn so apá òsì kọ́ ọrùn. Táyà iwájú ti wọ́. Bó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, á dún kìì, obìnrin náà á dá orin dúró, á bá kẹ̀kẹ́ wí, á tún máa bá orin rẹ̀ lọ.

Ayàwòrán ọ̀nà jókòó sí etí adágún, ó ń bomi bọ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gun kẹ̀kẹ́ yí àwọn adágún àti òkè agbègbè náà ká, kó ya máàpù ọ̀nà tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò lè gbà, kó kọ ibi tí omi wà àti ibi tí èèyàn lè sùn. Ó ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ní kó fara ti igi.

"Ẹ ṣeun o, bọ̀dá," obìnrin náà wí. "Ẹ má wo orin tí mò ń kọ. Tí mi ò bá kọrin, igbe ni màá ké."

Ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà fi àgbọ̀n júwe báàgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, níbi tí ìwé kékeré kan ti yọrí, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ó ní ìwé yẹn ló sọ fún òun pé ọ̀nà kẹtàlá dán láti orí òkè dé etí omi, pé kí òun kàn jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa sáré. Àfi bí òun ṣe yí kọ́nà kan, tí ilẹ̀ kò sí níwájú mọ́. Ọ̀gbun ti gba gbogbo ọ̀nà.

"Ọjọ́ tí mo bá rí ẹni tó kọ ọ́," ló wí, "ìbéèrè kan péré ni mo ní fún un. Ṣé ó débẹ̀ rí?"

Ayàwòrán ọ̀nà yíjú kúrò lára ìwé náà. Òun ló kọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́tàlá ló wà nínú ìwé náà; ó gun méjìlá. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ ìwé náà kò jẹ́ kó sinmi, ló bá jókòó sí yàrá ilé-ìtura, ó wo máàpù àtijọ́ kan yà á, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. Orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà lára ìwé, kò sí tirẹ̀. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé ilé ìwòsàn kan wà nítòsí, kí àwọn máa lọ.

Lójú ọ̀nà, obìnrin náà ní aránṣọ lòun, pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré lòun gbà láti wá fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ káàkiri. Ó bi ayàwòrán pé iṣẹ́ wo ni tirẹ̀. Ó ní òun a máa yàwòrán. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́.

Eegun apá ọ̀hún ti dá. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó tú u. Lọ́jọ́ kẹta, ayàwòrán ọ̀nà wọkọ̀ lọ kí i nílùú rẹ̀. Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi eyín di etí aṣọ mú kó lè fi ọwọ́ kan gé e. Ogún aṣọ ilé-ìwé ló wà nílẹ̀, àwọn ọmọ sì máa wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ayàwòrán bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jókòó, ó di etí aṣọ mú.

Ìtìjú ló gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ìgbà karùn-ún tó lọ, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìtìjú nìkan ni. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ màṣíìnì, bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ. Aránṣọ ní òun ò tíì rí ọkùnrin tí ìlà rẹ̀ gún tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀ láàárín ara wọn, "o" ni wọ́n ń sọ.

"Ọwọ́ òsì mi," aránṣọ á pè é, "gbé sísọ́ọ̀sì yẹn fún mi."

"Ọwọ́ òsì ẹ ti rẹ̀. Kò tíì jẹun."

"Ọwọ́ wo ló ń jẹun? Gbé e wá jọ̀ọ́."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń padà sílé, ẹ̀rín náà á di ẹrù sí i láyà. Lójoojúmọ́ ló ń ní lónìí lòun máa sọ ọ́. Lójoojúmọ́ náà ni aránṣọ á wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá tipẹ́, òun náà á sì gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún mì. Ó ń ṣe é bí olè tí onílé ń bẹ̀ pé kó bá òun ṣọ́lé.

Ìyá aránṣọ ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n. Kí ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí bá òun kọ ọ́.

Ó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ìyá ń sọ, òun ń kọ. Ìyá ní kó kọ ọ́ pé ọmọ òun kan ṣoṣo nìyí, pé ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹun lẹni tó kọ ìwé náà dá. Ó kọ ọ́. Ìyá ní kó bi ẹni náà bóyá oorun ń kùn ún. Pẹ́ẹ̀nì dúró lórí bébà díẹ̀, ó sì kọ ìyẹn náà. Nígbà tí wọ́n parí, ó ká lẹ́tà náà sínú àpò ìwé, ó kọ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ náà sí i lára: nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa náà wà lórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó ṣí i wo àdírẹ́sì.

Aránṣọ rọra dìde nídìí màṣíìnì. Ó sọ ìwé náà kalẹ̀, ó ṣí i sí ọ̀nà kẹtàlá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò lẹ́tà. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn òkè àti adágún inú máàpù ọ̀hún. Ọwọ́ tó kọ àdírẹ́sì náà gan-an ni.

"Ṣé o débẹ̀ rí?" ló béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Rárá. Mi ò débẹ̀."

Ìyá ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Aránṣọ pa ìwé náà dé.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ" yẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó gbé kẹ̀kẹ́, ó lọ gun ọ̀nà kẹtàlá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà á. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ láàárín òkúta, ìkùukùu bo adágún nísàlẹ̀, títí ó fi dé ibi ọ̀gbun. Ó rí ibi tí táyà ti ha ilẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

Láti ibẹ̀ ló gba ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé lọ. Ó ní kí wọ́n tẹ ojú ewé àtúnṣe kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun sí i. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àtúnṣe kò burú, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fẹ́ bọ́ra sí ìhòòhò lójú ayé? Tó bá ta kú, kó má retí pé àwọn á tún gbéṣẹ́ fún un. Ayàwòrán ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò gùn: "Èmi tí mo ya ọ̀nà yìí kò gùn ún kí n tó yà á. Mo parọ́. Obìnrin kan gbà mí gbọ́, apá rẹ̀ sì dá. Ọ̀gbun wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé kọ́nà." Ó kó o sórí kẹ̀kẹ́, ó ń lọ láti ilé-ìtura dé ilé-ìtura, láti ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan dé òmíràn, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó bá bá níbẹ̀. Níbi kan, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Níbòmíràn, wọ́n kà á tán, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọn ò fún un lómi.

Ní oṣù kẹrin tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó wà lẹ́bàá òkè, ó ń ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tó gbọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ ni. Apá tó dá ti rù díẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tó bá òun tún táyà ṣe lòun ti rí bébà náà, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun kà á.

"Ìṣubú yẹn kọ́ ló dùn mí," ló wí. "O jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mò ń bú ẹ lójú ara ẹ, o sì ń bá mi di aṣọ mú."

"Ojú ló tì mí. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, mi ò ní rí ẹ mọ́."

"Èmi ńkọ́? Ta ni mò ń rí nígbà yẹn?"

Pátákó náà ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aránṣọ gbé kẹ̀kẹ́ ti òkúta, ó wá di pátákó mú kó dúró ṣánṣán, ó ní kó máa da yẹ̀pẹ̀ sí i. Wọ́n ṣe é tán. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ ní òun ti gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀, kò kàn ṣeé ṣe ni.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" Ilẹ̀ ni ayàwòrán ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ní tèmi, màá fẹ́ ẹ. Ó ku màmá mi. Ẹnu ara ẹ lo máa fi sọ fún wọn o. Mi ò ní bá ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un."

Ìyá gbà wọ́n ní pálọ̀, kò ní kí ayàwòrán jókòó. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: òjò ọjọ́ mẹ́ta, yàrá ilé-ìtura, ọjọ́ orin létí adágún, lẹ́tà tó kọ tí kò lè sọ pé òun ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nígbà tó parí, ìyá bi í ní ìbéèrè kan.

"Ojú ṣì ń tì ẹ́?"

"Ó ṣì ń tì mí, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí o bá ní ó ti tán, ǹ bá ti lé ẹ." Ìyá fi ẹsẹ̀ sún àga kan sí i. "Jókòó, ọkọ ọmọ mi."

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Nígbà tí akọ̀wé bi ọkọ bóyá ó fẹ́ obìnrin yìí tinútinú, ohùn rẹ̀ jáde ketekete, débi pé àwọn tó ń dúró de tiwọn níta yọjú wò ó. Ìyá fà á lápá, ó ní kó rọra, gbogbo àwọn ti gbọ́.