Ẹni Tó Sọ̀rọ̀ Lábẹ́ Aṣọ Funfun

Denise kò gbọ́ èémí ẹni tó jókòó tì í. Ooru mú gan-an nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Abobo lọ́sàn-án Sátidé kan lọ́dún 1991, àwọn obìnrin tó kù sì ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi borí. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Òtútù díẹ̀ ló ń ti ibẹ̀ wá, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn frígò.

Màmá Lucie, àgbà obìnrin ìjọ, ló dá ìjókòó náà sílẹ̀. Wọn a ti fèrèsé, wọn a borí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo a sọ ohun tójú rẹ̀ ti rí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ohùn rẹ̀ mọ̀. A kì í bèèrè, a kì í dárúkọ. Àwọn kan ti ibẹ̀ padà rí oorun sùn. Denise ò la ẹnu rí níbẹ̀. Ó kàn ń lọ ṣáá ni, torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, kí Octave ọkọ rẹ̀ máa bèèrè ìdí, kí òun máa purọ́ pé ooru ni.

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Riviera, níbi táwọn olówó ń gbé, ni wọ́n mú mi lọ, pé kí n máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Tí mo bá ṣẹ ìyàwó ilé, á tì mí mọ́ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mo máa ń fetí lélẹ̀ gbọ́ frígò tó ń kùn ní kìṣínì, màá máa ṣe bí ẹni pé èèyàn ni."

 Ìtàn Denise gan-an nìyẹn, ilé tó sá kúrò nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin. Kò sọ ọ́ fún Octave. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ títí ìyẹn fi kú.

"Ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ti fi èékánná ya àgbélébùú sára ilẹ̀kùn, nísàlẹ̀. Mo máa ń fọwọ́ pa á. Ìyẹn rí ọ̀nà sá lọ. Èmi ò rí. Lọ́jọ́ kan wọ́n tì mí mọ́bẹ̀, wọ́n lọ sí Bassam létí òkun, wọ́n gbàgbé mi. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n pè mí. Mi ò lè dáhùn mọ́."

Ohùn náà sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ọmọ mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí."

Denise ṣí aṣọ kúrò lórí. Ẹní lásán ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Màmá Lucie, ta ló jókòó síbí?"

"Denise, a kì í bèèrè."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ta ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

Màmá Lucie náà ṣíjú. Ó wo àwọn tó kù. "Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀, ọmọ mi. À ń dúró de ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ni."

Ibẹ̀ ni Denise ti sọ ọ́, láìborí, láìrẹ ohùn sílẹ̀: ilé náà, yàrá ìrẹsì, àgbélébùú tí òun fúnra rẹ̀ fi èékánná ya. Kò sunkún. Ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tí ọrùn ṣì ń dùn ún. Nígbà tó parí, ó dìde.

"Mò ń lọ síbẹ̀."

Màmá Lucie wá bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, wọ́n tún wọ tákísì. Òòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Riviera. Wọ́n ti kun géètì náà ní àwọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ilé náà ni. Denise ò mọ ohun tó máa sọ bí ìyàwó ilé bá jáde. Ó ṣáà kànkùn.

Ọmọdébìnrin kan ló ṣí i, ojú rẹ̀ wú, ó há ẹrù kékeré mọ́ abíyá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tàǹtí."

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Mùkàrámà."

"Mùkàrámà, o ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n..."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ máa ń wà ní yàrá ìrẹsì ló ní kí n di ẹrù mi, pé ẹ ń bọ̀ lónìí."

Màmá Lucie gbá Denise lápá mú. Denise gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fà á jáde sí ìta, ó sì na ọwọ́ kejì kó lè pa géètì dé.

"Rárá, Tàǹtí," Mùkàrámà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó bojú wẹ̀yìn sínú ilé. "Ẹ má tíì tì í. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀."

Denise di géètì mú. Wọ́n dúró dè é.