Èjìká Ọ̀tún Kóòtù Wẹ́dà

Wẹ́dà ti wẹ̀, ó ti para, ó ku kí ó wọ kóòtù. Sátidé yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn ajórin máa fi í jẹ alága. Ó mú kóòtù aláwọ̀ eérú tó ti fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti àná, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Apá ọ̀tún bọ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ó gbé kóòtù náà jáde. Ní pálọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga onítáyà, ó ń ká òwú aláwọ̀ eérú mọ́ ìka, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òòjọ́.

Ogójì ọdún ni ìyá yìí fi ránṣọ. Ìyá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tó yá, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra: ó gbàgbé ọjọ́, ó gbàgbé ọ̀nà ilé, ó wá gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ṣubú, ẹsẹ̀ méjèèjì ò sì gbé e mọ́. Wọ́n bá ń gbé e kalẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti tú etí kọ́tìnì, ó tú tìmùtìmù, ó tú àpò ṣòkòtò àlejò kan tó jókòó tì í pẹ́ jù.

Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni Wẹ́dà wọ̀ lọ jẹ alága. Ó dùn ún dé eegun. Wẹ́dà kì í sì í tètè gbàgbé ọ̀rọ̀: ẹni tó yá fáìlì tó fi ń yún irin ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí kò dá a padà, kò kí i títí dòní. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo ohun tó ní òwú kúrò nítòsí rẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, mò ń gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Kó fi aṣọ tiẹ̀ náà jìyà."

"Bàbá àwọn ọmọ, ìyá yín kọ́ lẹ̀ ń bá jà, àìsàn ni."

"Kí àìsàn náà ra kóòtù fún mi."

Màmá ò tú nǹkan kan mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ kò jẹun mọ́ pẹ̀lú. Ó kàn ń fi ìka họ ọwọ́ àga, títí awọ orí ìka fi bó.

Ìka tó bó yẹn ni nọ́ọ̀sì àdúgbò wá tọ́jú ní Túsìdé. Obìnrin kúkurú kan ni, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó wo ìka, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Iṣẹ́ wo ni Màmá ń ṣe lójúmọ́?"

"Iṣẹ́ kẹ̀?" Wẹ́dà ní. "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin? Wọ́n ń sinmi ni."

"Ẹ̀yin náà ẹ jókòó síbí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ká wo ohun tẹ́ ẹ máa tú."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ò rẹ́rìn-ín.

"Iyè ló ra," nọ́ọ̀sì ní, "ọwọ́ ò ra. Ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún á máa wá iṣẹ́ kiri. Tẹ́ ẹ ò bá fún un ní tiẹ̀, á mú tiyín."

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì lọ ni ìyàwó wọ́ máṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ jáde, ó nù ún, ó ti Màmá dé iwájú rẹ̀. Ojú Màmá tàn. Ó fi ẹsẹ̀ wá ibi ìtẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbọ́. Ó tún gbìyànjú. Ó wá bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Mo sọ, n ò sọ?" Wẹ́dà ní. "Sátidé ò yẹ̀."

Àmọ́ ẹkún yẹn ò kúrò létí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́ọ̀sì láago láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní òun kàn fẹ́ fẹjọ́ ìyàwó òun sùn ni.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, Màmá lẹ gbé lọ bá iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé wá bá Màmá. Ohun tẹ́sẹ̀ wọn ò lè ṣe, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èyí tọ́wọ́ wọn lè ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣebí ajórin ni yín? Ẹ ṣe tábìlì kékeré tó máa jókòó sórí ọwọ́ àga yẹn, kẹ́ ẹ ṣe etí sí i, kí nǹkan má baà yí bọ́. Bọ́tìnnì ńláńlá ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀, èyí tí ò ṣeé gbé mì. Kò gbọdọ̀ sí abẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ sí àlùmọ́gàjí."

Wẹ́dà kùn títí. Àmọ́ iṣẹ́ irin ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ irin ní àṣedànù. Ó wọn ọwọ́ àga, ó gé irin, ó jó o, ó fi fáìlì yún gbogbo etí rẹ̀ títí tó fi dán bí etí àwo, ó wá fi fóòmù àti aṣọ bò ó. Ìyàwó ní tirẹ̀ ṣa àkísà jọ, ó fi òwú tó nípọn rán wọn pọ̀ gátagàta, èyí tí ìka lásán lè fà yọ.

Láàárọ̀ Fúráìdé, nígbà tí Màmá ti wẹ̀, tí ara rẹ̀ sì yá, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé tábìlì ka orí àga, wọ́n kó bọ́tìnnì, àkísà àti téèpù sórí rẹ̀.

Màmá fọwọ́ pa á. Ó mú bọ́tìnnì pupa kan, ó fi sáàárín àwọn dúdú.

"Màmá, pupa kọ́ ló..." Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ní ká má tún iṣẹ́ wọn ṣe. Àbí ẹ̀yin lọ̀gá télọ̀?"

Màmá tú aṣọ kan, ó tú èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́nú. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá kíákíá, oníbàárà ń bọ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù wa dáa," ìyàwó ní. "Èmi ń rán, Màmá ń tú. Oníbàárà kankan ò ní gbaṣọ láyé."

Wẹ́dà ti rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú.

Màmá gbójú sókè. "Ìwọ, sún mọ́bí." Ó mú téèpù tó wà lórí tábìlì. Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Màmá ta téèpù sí èjìká rẹ̀ òsì, ó ta á sí ọ̀tún, ó mirí.

"Ọ̀tún rẹlẹ̀. Mo lọ́mọ kan tó rí báyìí. Irin ló ń rù sí i láti kékeré. N kì í gbàgbé èjìká yẹn. Ẹnì kan ránṣọ fún un, ó rán èjìká méjèèjì dọ́gba. Iṣẹ́ jákujàku! Mo tú u."

Wẹ́dà fọwọ́ kan èjìká náà. "Ọmọ yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Ó ń bínú." Màmá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣòfófó. "Ọmọ dáadáa ni o. Ìbínú ẹ̀ nìkan laṣọ tí n ò tíì rójú ẹ̀ tú."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wẹ́dà náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ti rí i tú, Màmá," ó ní.

Ó gbé kóòtù wá, Màmá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó yẹ kí èjìká wà, ìyàwó sì rán an bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Sátidé dé, kò sẹ́ni tó gbé Màmá lọ síbì kankan. Ìpàdé ẹgbẹ́ ni Wẹ́dà lọ, kóòtù jókòó lọ́rùn rẹ̀ dáadáa.

"Alága, ta ni télọ̀ yín?"

"Ìyá mi ni. Ẹ má wulẹ̀ dà wọ́n láàmú, wọn ò gba iṣẹ́ ìta."

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má gbé wọn síwájú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ gbàgbé wọn síbẹ̀. Ẹ rántí iṣẹ́ tí wọ́n fi ayé wọn ṣe, kí ẹ wá ìwọ̀nba tí ọwọ́ wọn ṣì ká nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ lè jókòó kó máa ṣa irúgbìn. Olùkọ́ lè máa to ìwé. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù, àárọ̀ tí ara yá ló sì dáa jù. Tó bá ti sú wọn, ẹ gbé e kúrò láìjiyàn. Ẹ kó ohun tó lè gé wọn àti ohun tó lè há wọn lọ́fun kúrò, kí ẹ sì wà nítòsí. Tí wọ́n bá ṣe é lódì, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ là ń wá, a ò wá aṣọ. Tí wọn ò bá sì jẹun mọ́, tàbí tí ìwà wọn ṣàdédé yí padà, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kí ẹ pè, ẹ má pe àbúrò yín.

Ẹni tó gbàgbé orúkọ rẹ lè máa rántí èjìká rẹ.