Omi Sáwásọ́pù Tí Sẹ̀kínát Mu

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, Sẹ̀kínát ń wẹ̀ nílé rẹ̀ ládùúgbò Sawaba kó lè tètè ṣí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Fante New Town. Ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kan lábẹ́ ọyàn òsì. Kò dùn ún, ṣùgbọ́n ó le bí ekùrọ́.

Ó fi han Tòyíbàt, ọmọ rẹ̀, àti Alájà Zùlàíkhà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Maame, yɛnkɔ ayaresabea," ni Tòyíbàt fi Twi, èdè ìlú tí wọ́n ń gbé, sọ, ó ti ń wá bàtà. "Ọsibítù ló kàn."

Alájà ní, "Ọsibítù kẹ̀? Kí wọ́n lè fi ọ̀bẹ kàn án? Ìyàwó wa, omi èso sáwásọ́pù tí Adésànmí ń tà ni kó o mu. Àwọn òyìnbó fúnra wọn wádìí ẹ̀, wọ́n ní ohun tó wà nínú èso yẹn ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́."

Adésànmí yìí, inú ọkọ̀ ló ti máa ń fi gbohùngbohùn polówó. Ó ń wọ aṣọ funfun bíi dókítà, kò sì kọ́ṣẹ́ ìṣègùn rárá. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ba Sẹ̀kínát tó fi gbà. Ó ń mu omi dúdú náà tàárọ̀ talẹ́. Òjò rọ̀, òjò dá. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, kókó ti tó ẹyin adìyẹ, awọ ọyàn sì ti ń sunkì bí èèpo ọsàn.

"Oògùn ló ń ti àrùn jáde yẹn," ni Adésànmí wí. "Ẹ fi kún un."

Tòyíbàt lọ pe takisí, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu. "Màámi, tí ẹ ò bá wọlé, èmi náà ò ní kúrò lójú títì yìí."

Ní ilé ìwòsàn kan lápá Bantama, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni.

Sẹ̀kínát bi dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò pé, "Dókítà, ṣé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ èso yẹn ni?"

"Ìyá, èso ò ṣẹ̀ wá. Àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó pa jẹjẹrẹ nínú abọ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná pàápàá á pa á nínú abọ́. Ara èèyàn kì í ṣe abọ́. Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan tí à ń lò níbí, ara ewéko ni wọ́n ti yọ wọ́n. Wọ́n dán wọn wò lára eku, wọ́n dán wọn wò lára èèyàn, wọ́n mọ ìwọ̀n tó ń wosàn àti èyí tó ń pani. Sáwásọ́pù ò tíì yege bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, ẹ má fi rọ́pò ìtọ́jú."

"Ká ní mo tètè wá ńkọ́?"

"Bóyá kókó yẹn nìkan la ò bá yọ."

Wọ́n gé ọyàn náà. Wọ́n fa oògùn sí i lára, irun rẹ̀ re dànù. Ó ṣáà padà sí ìsọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Adésànmí gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ìsọ̀. "Ẹ wo Ìyá Tòyíbàt! Sáwásọ́pù mi ló gbà á là!"

Alájà fa Sẹ̀kínát láṣọ. "Má dá a lóhùn. Bo àṣírí ara rẹ."

"Àṣírí wo, Alájà? Ọyàn ni wọ́n gé, wọn ò gé ahọ́n mi."

Ó já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Adésànmí. "Irọ́ ló ń pa! Omi rẹ̀ ni mo ń mu tí àrùn fi ráyè. Ọ̀bẹ tí mo ń sá fún ló yọ mí!" Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Twi. Alájà bojú, ó ń sunkún. Adésànmí fọkọ̀ sá, àmọ́ Sẹ̀kínát ò fi mọ bẹ́ẹ̀: ó lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oògùn títà.

Kò tíì bọ́ tán. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àrùn náà lè padà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ti wá sọ fún un pé òun rí kókó, Sẹ̀kínát á ti ìsọ̀ ni, á sì fúnra rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwọ tó ń kà á, má dúró dìgbà tí kókó bá dùn ọ́. Ẹni tó bá gbé oògùn ìyanu wá, bi í pé ara àwọn wo ni wọ́n ti dán an wò, ta ló sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, kọjá lára rẹ̀, kó o gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ.